Fífi ohùn pa ohùn: bí ẹ ṣe lè rí ìjókòó kan tó parọ́rọ́ lẹ́bàá títì

Ilé wa ní Ṣábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, kò jìnnà sí ọ̀nà ọlọ́dà ńlá tó ti Kútọnu bọ̀, tó gba Bohicon àti Dasà kọjá, tó ń lọ sí Parakou títí dé Malanville. Tírélà kì í tán lójú ọ̀nà yẹn, lóru pàápàá. Níwájú ilé wa gan-an ni wọ́n mọ òkìtì sí kí mọ́tò má baà máa sáré. Bí tírélà bá débẹ̀, awakọ̀ á tẹ ìjánu, á já jíà wálẹ̀, á rọra gun òkìtì náà, á wá fún ẹ́ńjìnì níná kó lè gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Kíkùn tí ẹ́ńjìnì máa ń kùn nígbà náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ìyá mi máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá nítorí ooru inú ilé. Fèrè ọkọ̀ kì í dà wọ́n láàmú tó bẹ́ẹ̀. Kíkùn yẹn ni wọ́n ń ráhùn lé lórí. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń gúnyán sí àwọn láyà.

Iṣẹ́ rédíò àti ampilifáyà títúnṣe ni mò ń ṣe, nítorí náà èmi ni àwọn aládùúgbò máa ń bi léèrè pé: ṣebí ẹ̀rọ àfisétí kan wà tó ń pa ariwo ọkọ̀ òfurufú, kí ló dé tí a kò lè gbé irú rẹ̀ sí àgbàlá? A lè gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òpin ọ̀rọ̀ ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ná owó rẹ̀ lásán. Ẹ kò ní lè pa ariwo títì lórí gbogbo àgbàlá. Ẹ lè pa á lórí ìjókòó kan, ní àyíká orí ẹni kan, kìkì apá tó ń kùn nísàlẹ̀ ni yóò sì lọ. Ẹni tí ìyẹn bá tẹ́ lọ́rùn ni kó máa bá mi ká lọ.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohùn jẹ́ afẹ́fẹ́ tí a ń tì síwájú tí a sì ń fà sẹ́yìn. Bí ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń ti ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀kan láti inú, èkejì láti ìta, ilẹ̀kùn náà kò ní mì. Bí ẹ́ńjìnì tírélà bá ń ti afẹ́fẹ́ etí yín síwájú, tí sípíkà kan sì ń fà á sẹ́yìn ní àkókò kan náà gan-an, pẹ̀lú agbára kan náà, afẹ́fẹ́ etí yín á dúró jẹ́ẹ́. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Paul Lueg, ọmọ Jámánì, ló kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1933, Amẹ́ríkà sì fún un ní tiwọn ní 1936. Nígbà náà kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe ìṣirò rẹ̀ kíákíá tó. Lónìí ẹ̀rọ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ibi tó le ni àkókò. Ẹ wo obìnrin méjì tó ń gún nǹkan nínú odó kan náà: bí ọ̀kan bá ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀, èkejì ń gbé tirẹ̀ sókè. Bí ọ̀kan bá pẹ́ díẹ̀, ọmọ odó á kọlu ọmọ odó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn tó bá pẹ́ dé: kàkà kó pa ariwo, ńṣe ni yóò fi kún un.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kọ́kọ́ fi ojú ara yín rí i lórí tábìlì

Ẹ má ra nǹkan kan kí ẹ tó ṣe èyí. Ẹ wá sípíkà méjì tó jọra, ampilifáyà kan, àti fóònù. Ẹ gba áàpù tó ń mú ohùn kan ṣoṣo jáde sórí fóònù náà, kí ẹ gbé e sí 100 Hz, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ń lọ tó ń bọ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ rí i dájú pé ohun kan náà ló ń lọ sínú sípíkà méjèèjì. Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹnu wọn kọjú sí yín, kí àlàfo àárín wọn má ju ìka mẹ́rin lọ. Ẹ má yí ohùn sókè jù.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ pa á. Ní ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn sípíkà náà, ẹ yọ wáyà pupa àti wáyà dúdú, kí ẹ pààrọ̀ wọn: pupa sí ibi dúdú, dúdú sí ibi pupa. Ẹ tan án padà.

Ohùn á rì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé wáyà kan ti já ni. Mo fi ìka kan ojú sípíkà: ó ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Méjèèjì ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ tó wà níwájú wọn ni kò lọ tí kò sì bọ̀.

Ẹ wá gbé ọ̀kan nínú wọn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kó máa jìnnà sí yín nígbà tí èkejì dúró. Bí ó bá fi máa tó mítà kan àti ìlàjì, ohùn náà á ti padà. Ní nǹkan bíi mítà 1.75, wọn á ti bá ara wọn mu pátápátá, wọn á sì jọ máa pariwo. Ìdí rẹ̀ nìyí: nínú ooru wa, ohùn ń rìn tó nǹkan bíi mítà 350 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbì kan ti 100 Hz gùn tó mítà 3.5, ìlàjì rẹ̀ sì ni 1.75. Ẹ dá sípíkà padà sáyè rẹ̀, kí ẹ gbé fóònù lọ sí 1,000 Hz. Ìgbì ibẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Ẹ yí orí sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ báyìí: ibì kan á parọ́rọ́, ibì kejì tí kò ju ìbú ọwọ́ kan sí i lọ á máa han.

Ẹni tó bá ti ṣe èyí ti mọ ìdí tí a fi ń lé kíkùn ẹ́ńjìnì, tí a kì í lé ariwo táyà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ariwo tó ń dà yín láàmú

Ariwo títì kì í ṣe ohun kan. Táyà tó ń fi ara ha ọ̀dà máa ń pariwo ní àyíká 1,000 Hz, òun ló sì máa ń borí ti ẹ́ńjìnì níbi tí ọkọ̀ kékeré bá ti ń sáré. Ẹ́ńjìnì yàtọ̀, ẹ sì lè ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ́ńjìnì díísù tó ní sílíńdà mẹ́fà máa ń jó iná lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìyípo kan. Bí ó bá dúró sójú kan tó ń yí ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo mẹ́wàá nìyẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá, á sì jẹ́ 30 Hz. Bí awakọ̀ bá fún un níná tó dé 1,500, á di 75 Hz. Alùpùpù zémidjan tó ní sílíńdà kan ń jóná lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì: ní 6,000, 50 Hz ni. Lórí àwọn wọ̀nyí ni àwọn ohùn míràn tún máa ń gùn, ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀.

Lórí fóònù Android, áàpù Spectroid á ya àwòrán ohùn náà fún yín, ẹ ó sì rí ibi tí òkè rẹ̀ ga sí. Ẹ jókòó sí ibi tí ẹ fẹ́ kó parọ́rọ́, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wò ó fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Máíkì fóònù kì í sábà gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní máíkì gidi tó ṣeé fi sínú kọ̀ǹpútà, ẹ gbà á sílẹ̀ kí ẹ fi Audacity, áàpù kọ̀ǹpútà tó ń fi ohùn hàn, wò ó.

Ohun kan wà tó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Áàpù tó ń wọn ariwo máa ń fún yín ní dB, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìwọ̀n tí a ń pè ní A ni wọ́n sábà fi ń wọ̀n ọ́n, A yìí sì máa ń yọ ohùn ìsàlẹ̀ kúrò nítorí pé etí wa kì í gbọ́ ọ tó ti òkè. Ní 50 Hz, ó ń yọ nǹkan bíi 30 dB. Bí ẹ bá fi A wọn kíkùn tírélà, fóònù á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ nígbà tí àyà ìyá yín ń gbọ̀n. Ẹ gbé e sí C tàbí Z, àwọn ọ̀nà ìwọ̀n tí kì í yọ ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. A kan náà ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lò nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ Yúróòpù nímọ̀ràn ní 2018 pé kí ariwo ọkọ̀ ojú títì má kọjá 53 dB ní ìṣírò ọ̀sán àti òru, kó má sì kọjá 45 dB lóru.

Bí ó bá jẹ́ táyà àti fèrè ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ rí, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹta, kí ẹ dúró síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ odi

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ẹ fẹ́ gbọ́. Odi ló ṣáájú. Ohùn òkè kì í lè tẹ̀ yí odi po, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ní mítà mẹ́rin sí méje máa ń fo odi oní-mítà méjì bí ewúrẹ́ ṣe ń fo kòtò. Odi á mú tirẹ̀, ẹ̀rọ á mú tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ sí àgbàlá tí kò ní odi á pa kíkùn náà tán, á wá máa gbọ́ táyà kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú rẹ̀ kò sì ní dùn.

Ẹ jókòó sórí ìjókòó yẹn. Bí ẹ bá ṣì ń rí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ láti ibẹ̀, odi yín kò tíì ga tó. Ibi tí ó bá ti kan bo ọkọ̀ lójú yín tán, ẹ ti rí nǹkan bíi 5 dB. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi kún un lẹ́yìn náà jẹ́ èrè. Ó gbọ́dọ̀ wúwo: búlọ́ọ̀kù tàbí amọ̀, kì í ṣe páànù, kì í ṣe ẹní. Ó gbọ́dọ̀ súnmọ́ títì tàbí kó súnmọ́ ìjókòó, nítorí àárín gbùngbùn ni agbára rẹ̀ ti kéré jù. Kò sì gbọdọ̀ ní ihò. Ẹ wo abẹ́ géètì yín: àlàfo tí adìẹ lè gbà kọjá ni ariwo ń gbà wọlé.

Àwọn kan máa ń sọ pé igi ni kí a gbìn. Ẹ gbìn ín fún ibòòji. Kí igi tó lè mú 10 dB kúrò, igbó tó dí pa ni ẹ nílò, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 60. Ìlà igi kajú kan létí ọgbà kò lè ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan ojú kan

Ẹ ó fi máíkì ṣọ́ ìjókòó náà. Ibi tó máa parọ́rọ́ ní àyíká máíkì yìí kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìgbì lọ. Ní 75 Hz, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 47. Ní 100 Hz, 35. Ní 500 Hz, 7, kò tó ìbú orí ènìyàn. Nítorí náà àga gbọ́dọ̀ wà lójú kan, kó ní ẹ̀yìn gíga tí orí lè fara tì, kí ẹni tó jókòó má sì máa gbé e kiri. Mo kan àga ìyá mi mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa yẹ̀.

Ẹ gbé sípíkà súnmọ́ etí, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, nínú àpótí tí a dí pa. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ. Ohun tó pa ariwo níbí lè fi kún un níbòmíràn: níbi tí ohùn méjèèjì bá ti bára mu, ó lè fi tó 6 dB kún un. Sípíkà ńlá kan ni mo kọ́kọ́ gbé sí ẹ̀bá odi, tó ń ké sí gbogbo àgbàlá. Ìyá mi ní ó dára. Lọ́jọ́ kejì ni obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn odi wá bá mi ní òwúrọ̀ pé kí ni àwọn tírélà rù lálẹ́ àná tí ilẹ̀kùn òun fi ń gbọ̀n. Mo tú u wálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Sípíkà tó bá súnmọ́ etí kò nílò láti pariwo, ohùn rẹ̀ á sì ti rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kó ohun èlò jọ

Ẹ nílò máíkì iwájú tó máa gbọ́ ọkọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ nílò máíkì méjì létí àga, níbi tí etí máa ń wà, tí yóò máa sọ fún ẹ̀rọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ẹ nílò sípíkà méjì oní-ínṣì 8 tó lè sọ̀kalẹ̀ dé 50 Hz, ampilifáyà tó ń lo bátìrì 12 fóòtì, àti pákó kékeré tó ń ṣe ìṣirò. Bátìrì ni mo fara mọ́, nítorí iná 220 fóòtì àti òjò kò gbọdọ̀ pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìyá arúgbó jókòó sí.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, tí a ń pè ní mílísẹ́kọ́ńdì, ohùn ń rin sẹ̀ǹtímítà 35. Bí máíkì iwájú bá wà ní mítà 10 sí àga, ẹ ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 28 kí ariwo tó dé. Kọ̀ǹpútà tó ń gé ohùn sí ègé 48,000 lójú ìṣẹ́jú-àáyá, tó sì ń kó ègé 512 jọ sínú ìdìpọ̀ kan, ń ná ju mílísẹ́kọ́ńdì 10 lọ kó tó gbà á wọlé, ó tún ná bẹ́ẹ̀ kó tó sọ ọ́ jáde. Mílísẹ́kọ́ńdì 21 ti lọ nìyẹn, kò tíì ro nǹkan kan. Teensy 4.1, ọ̀kan nínú àwọn pákó kékeré tó ń ṣe ìṣirò, pẹ̀lú pákó ohùn rẹ̀ ń kó ègé 128 péré sínú ìdìpọ̀ kan, ní ègé 44,100 lójú ìṣẹ́jú-àáyá, ó ń ná nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 3 ní wíwọlé, 3 ní jíjáde. Òun ni mo lò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ibi tí máíkì iwájú máa wà

Mítà 10 tí mo sọ yẹn jẹ́ fún ọkọ̀ tó wà níwájú yín gan-an. Ọkọ̀ kì í dúró níwájú yín; ó ń ti ọ̀tún bọ̀, ó ń lọ sí òsì. Ohùn tó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ ní 60 dígírì á fún yín ní ìlàjì àkókò yẹn péré, mílísẹ́kọ́ńdì 14. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ pátápátá á dé etí yín àti máíkì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ kò sì ní rí nǹkan ṣe. Nítorí náà máíkì iwájú kan kò tó. Ẹ fi ọ̀kan sí àárín, ọ̀kan sí igun ọ̀tún, ọ̀kan sí igun òsì, lórí odi, kí wọ́n kọjú sí títì kí wọ́n kọ̀yìn sí sípíkà. Bí owó yín bá mọ sí ọ̀kan, ẹ gbé e sí apá ibi tí ọkọ̀ ti ń fún ẹ́ńjìnì níná. Níwájú ilé wa, ìkọjá òkìtì yẹn ni.

Ohun tí máíkì iwájú gbọ́ gbọ́dọ̀ jọ ohun tó ń dé etí. Bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára ohùn náà bá bára mu, 10 dB ni èyí tó pọ̀ jù tí ẹ lè rí. Bí ó bá jẹ́ ìdajì, 3 dB ni. Kò sí ampilifáyà tó lè yí èyí padà. Ní Ṣábẹ̀ tí àpáta yí wa ká, ilé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè á máa gbọ́ ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan láti títì, lẹ́ẹ̀kan láti ara òkúta. Ẹ dúró síbi àga, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí àpáta bá dá a lóhùn, ẹ yí àga sí ibi tí ilé fúnra rẹ̀ á ti bo àpáta náà.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu máíkì náà jẹ́ ariwo tí kò dé etí yín rárá, ẹ̀rọ á sì gbà á gbọ́, á máa sọ ọ́ jáde. Ẹ fi fóòmù nípọn bo máíkì, kí ẹ fi ìlàjì kèrègbè ṣe òrùlé lórí rẹ̀ nítorí òjò.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kọ́ ẹ̀rọ

Orúkọ ìṣirò náà ni FxLMS. Bernard Widrow àti Ted Hoff ní Stanford ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀, LMS, lélẹ̀ ní 1960, ẹ ó sì rí àpẹẹrẹ kóòdù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń ṣe kò ṣòro láti sọ: ó ń sọ ohùn jáde, ó ń gbọ́ èyí tó kù létí àga, ó ń tún tirẹ̀ ṣe díẹ̀, ó tún ń gbọ́.

Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó wà láàárín sípíkà àti etí. Ní àkókò tí títì bá dákẹ́, lẹ́yìn aago méjì òru ní tiwa, ẹ jẹ́ kí sípíkà máa ṣe ṣìì, bíi rédíò tí kò rí ìkànnì, kí máíkì àga gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ̀rọ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn jókòó sórí àga nígbà náà, nítorí orí ènìyàn ń yí ọ̀nà náà padà. Lẹ́yìn èyí, ẹ dí gbogbo ohun tó bá kọjá 200 Hz mọ́ ọn, kó má lọ fọwọ́ kan ohun tí kò lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ìgbésẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe tó lẹ́ẹ̀kan, kéré gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé tèmi ga jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tírélà kọjá, ẹ̀rọ sáré lé e, ó sáré kọjá rẹ̀, sípíkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú bí akọ màlúù. Máíkì iwájú gbọ́ sípíkà, ó tún dá a padà fún un, ó ń ga sí i. Ìyá mi dìde lórí àga. Láti ọjọ́ yẹn, mo fi òté sí ampilifáyà kó má lè kọjá ibì kan láé, mo sì kọ ọ́ sínú kóòdù pé bí ohùn máíkì àga bá ga ju bó ṣe wà kí ẹ̀rọ tó tàn, kó pa ara rẹ̀. Ẹ ṣe méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

Ẹ má sì ronú pé ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan kí ẹ fi sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọyẹ́ tí ara ń tutù ní 20 dígírì, ohùn ń rìn ní mítà 343. Ní ọ̀sán tó bá gbóná dé 30, ó ti di nǹkan bíi 349. Lórí mítà 10, ìyàtọ̀ náà tó ìlàjì mílísẹ́kọ́ńdì, tàbí sẹ̀ǹtímítà 17. Ní 100 Hz, sẹ̀ǹtímítà 17 náà ni gbogbo àṣìṣe tí ẹ láyè láti ṣe bí ẹ bá fẹ́ 10 dB. Ooru ọjọ́ kan ṣoṣo ti jẹ ẹ́ tán. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ máa kọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá tàn, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ tún ṣe ṣìì náà nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí àga tàbí sípíkà nípò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láìtan ara yín

Ẹ gba ohùn sílẹ̀ létí àga fún tírélà mẹ́wàá tí ẹ̀rọ tàn, àti mẹ́wàá tí ẹ̀rọ kú. Ẹ má lo tírélà kan ṣoṣo, nítorí ọ̀kan ṣófo, ọ̀kan kún fún ẹrù. Ẹ fi C wọ̀n wọ́n. 3 dB túmọ̀ sí pé agbára ohùn ti dín kù sí ìlàjì, etí kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. 10 dB ni etí máa ń gbọ́ bí ìlàjì. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn yí àgbàlá ká pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kí ẹ sì lọ bi aládùúgbò léèrè. Bí ó bá ti fi kún tiwọn, ẹ dín sípíkà kù títí wọn ò fi ní gbọ́ ọ mọ́, kódà bí tiyín bá dín kù pẹ̀lú.

Ẹni tó jẹ́ pé yàrá ló fẹ́ kó parọ́rọ́, tí ooru kò sì jẹ́ kó lè ti fèrèsé, ọ̀nà míràn wà fún un. Ní 2020, àwọn olùwádìí Nanyang Technological University ní Síńgápọ̀ to sípíkà kéékèèké 24 sára fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, wọ́n sì dín ariwo tó ń gba ibẹ̀ wọlé kù tó 10 dB láàárín 300 sí 1,000 Hz. Ohùn òkè ni wọ́n mú, nítorí sípíkà wọn kéré, sẹ̀ǹtímítà 4.5 péré. Fèrèsé ní ààlà tó mọ níwọ̀n, tí a lè to ẹ̀ṣọ́ sí. Àgbàlá kò ní. Iye sípíkà àti ìṣirò tó gbà ju agbára ṣọ́ọ̀bù mi lọ.

Ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ àfisétí rọ́pò gbogbo èyí fún ẹni tó bá ń sọdá títì tàbí tó ń gun alùpùpù. Ẹni náà nílò láti gbọ́ ọkọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àga yìí ni pé kò pa ohùn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tó yéni ń gbé lókè 200 Hz, ẹ̀rọ kò sì fọwọ́ kan ibẹ̀. Tírélà lè máa gun òkìtì lọ́wọ́, kí ẹni tó ń kọjá kígbe pé “Ẹ kú alẹ́ o, Màmá,” ìyá mi á gbọ́ ọ, wọ́n á sì dáhùn. Bọ́tìnnì tó ń pa ẹ̀rọ wà lára apá àga, níbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o nínú òkùnkùn láìdìde. Mo so òwú funfun mọ́ ọn. Ẹ ṣe tiyín bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó tan án fún ìgbà àkọ́kọ́.